Ibi Tó Tẹ́jú fún Ìyálé

Pákó kan wà tí Bàbá Ẹ̀rọ máa ń fi dí táyà iwájú alùpùpù rẹ̀. Ó kan okùn mọ́ ọn. Ní àràárọ̀, bó bá ti so àpótí irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù tán, á dúró lórí àtẹ̀gùn ilé kó lè ti ibi gíga gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá orí ìjókòó. Á fara balẹ̀, á wo iwájú, á sì fa okùn náà. Pákó á yọ. Alùpùpù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ fúnra rẹ̀, nítorí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni àgbàlá ilé náà láti ẹnu ọ̀nà títí dé géètì. Ní ìgbésẹ̀ keje, á tú ọwọ́ lára kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, lẹ́yìn náà á dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ á ti ṣí géètì sílẹ̀ dè é. Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó láti òpópónà yóò rò pé fàájì ni bàbá náà ń ṣe jáde.

Kì í ṣe fàájì rárá. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ló ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Alùpùpù àtijọ́ ni alùpùpù náà, kò ní bọ́tìnnì tí èèyàn ń tẹ̀. Kíkì ló ní, irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún tí a gbọ́dọ̀ fi gbogbo ìwúwo ara tẹ̀ wálẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó jí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tó bá sì gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé orúnkún tó ti wú, ohun tó máa kọ́kọ́ jí lára rẹ̀ kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ wúwo, àwọn aránṣọ kì í gbé e kiri. Ẹni tó ń tún un ṣe ló ń lọ bá a níbi tó wà. Bàbá náà ra alùpùpù rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú kó tó gbéyàwó, ìyẹn sì ti lé ní ogójì ọdún. Nítorí náà ni ìyàwó rẹ̀ fi sọ alùpùpù náà ní Ìyálé. "Òun ni mo bá nílé," ni obìnrin náà máa ń wí fún àlejò. Bó bá ń ṣí géètì láàárọ̀, á kí i: "Ìyálé mi, ẹ má jẹ́ kí ọkọ wa pẹ́ níta o." Ọkọ rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n á rọra fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó sì jọ pé Ìyálé ló dáhùn.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orúnkún náà le ni pé ọkùnrin náà ti fẹnu ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó ṣubú ní ìkóríta, apá rẹ̀ bó. Dáwódù rẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà tó jẹ́ ọ̀gá bíríkìlà, sáré wá sílé, ó ní òun fẹ́ ra alùpùpù tuntun fún un, èyí tó ní bọ́tìnnì.

"Mi ò fẹ́," ni Bàbá Ẹ̀rọ wí. "Bọ́tìnnì ń tan arúgbó jẹ ni. Ẹsẹ̀ tí kò bá lè tẹ kíkì, kò lè gbé alùpùpù ró ní ìkóríta. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi ò bá lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa bèèrè. Èmi fúnra mi ni màá gbé kọ́kọ́rọ́ fún yín."

Ẹnikẹ́ni ò fipá mú un sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹyin lohùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, orúnkún náà kọ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé kì í purọ́ fún oníbàárà, tí kì í sọ pé abẹ́rẹ́ kú nígbà tí abẹ́rẹ́ ò kú, wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ ṣẹjọ́: "Mo ní bí mi ò bá lè tẹ̀ ẹ́. Mi ò tíì gbìyànjú rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ta ló wá sọ pé mi ò lè tẹ̀ ẹ́?" Nínú gbólóhùn yìí ló ń gbé bí ẹni tó háyà yàrá.

Láti ìgbà náà ló ti mọ gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlú. Ó mọ ibi tí omi òjò ń gbà ṣàn, nítorí pé ibi tí omi bá lè gbà, Ìyálé lè gbà á. Aránṣọ tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ ga lápá òsì: ibẹ̀ dára. Àwọn mẹ́rin tó wà lórí òkè tí àgbá omi ìlú wà: ibẹ̀ dára jù. Àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà níbi tó tẹ́jú, ó ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún ẹnì kan pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó jù, ó sọ fún ẹlòmíì pé ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ẹyọ kan péré nínú wọn ni kò lè fi sílẹ̀. Ìyá Yúnífọ́ọ̀mù ni, obìnrin tó ń rán aṣọ ilé ìwé, tó ní ẹ̀rọ mẹ́ta, tí kò sì tíì pe ẹlòmíì wá tún wọn ṣe rí láti ogún ọdún. Ilẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Bí bàbá bá débẹ̀, kì í pa ẹ́ńjìnnì. Á fi í sílẹ̀ níta kó máa pariwo títí yóò fi ṣiṣẹ́ tán, gbogbo ìṣẹ́jú tí epo fi ń jó lásán sì ń dùn ún bí ìgbà tí wọ́n ń da omi mímu sílẹ̀ lójú rẹ̀.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè lọ́jọ́ kan ìdí tí alùpùpù fi ń sùn lẹ́nu àtẹ̀gùn nínú òjò àti oòrùn, nígbà tí àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Kò sí ibi tó tẹ́jú," ni ó dáhùn kíá. "Ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀ á rì, á ṣubú."

Irọ́ kékeré ni. Ó pa á, ó gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré tí èèyàn gbàgbé sí ẹ̀yìn ilé, òun ló máa ń hù.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Dáwódù wá bá wọn jẹun ọ̀sán. Bó ti jẹun dé ìdajì, ó ti àwo síwájú.

"Bàbá, mo fẹ́ tún àgbàlá yìí ṣe."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú níbẹ̀ nígbà òjò tó kọjá. Mo máa ní kí wọ́n gé òkè rẹ̀ kúrò títí yóò fi bá òpópónà dọ́gba, mo máa da kọnkéré sí i. Á tẹ́jú bíi tábìlì yìí. Mo sì máa fi páànù bo ẹ̀gbẹ́ ògiri fún Ìyálé, kí òjò yé pa á. Màmá sọ fún mi pé ẹ ní kò sí ibi tó tẹ́jú tí ẹ lè gbé e sí."

Bàbá Ẹ̀rọ wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ń yọ egungun ẹja, kò gbójú sókè.

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu," ni bàbá wí. "Ìnákúnàá ni."

"Kò sí ìnáwó níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ tí mo parí ni. Bí mi ò bá lò ó lọ́sẹ̀ yìí, ṣe ló máa di òkúta sínú àpò."

"Tà á."

"Ta ló máa ra àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti já? Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi ni? Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá fi nǹkan ṣòfò, olè ni, ara rẹ̀ ló kàn jà lólè."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ ọdún méje ni Dáwódù nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un, nítorí ìdajì àbẹ́là kan tí ọmọ náà jù nù, ó sì ní kó lọ wá a jáde nínú ilẹ̀. Ọmọ náà wá a títí ó fi rí i. Kò tíì gbàgbé. Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn tọ́ ọmọ dáadáa, àfi pé ọmọ tí a bá tọ́ dáadáa máa ń rántí.

Bàbá Ẹ̀rọ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, kò ju gbólóhùn kan lọ: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n bó bá ti jáde, kọ́kọ́rọ́ ló máa tẹ̀ lé e. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sì ti lọ, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn, ẹni tí iṣẹ́ bá sì ti lọ lọ́wọ́ rẹ̀, orí àga ni yóò máa jókòó sí tí wọn yóò máa bi í léèrè bóyá ó ti jẹun.

"Dáwódù."

"Bàbá?"

"Rí i pé o ṣe é dáadáa."

Ìyá wọn dìde, ó kó àwo jọ. Ó dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n tún gbé nǹkan lé e. Nígbà tí kò sí ẹni tó gbé nǹkan lé e, ó wọlé lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn òṣìṣẹ́ dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni bàbá ti yọ Ìyálé jáde, ó gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gbẹ́nàgbẹ́nà lójú ọ̀nà àgbá omi, níbi tí ilẹ̀ ti rọra ń lọ sísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹgbẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ti Gbẹ́nàgbẹ́nà ti tán lórí alùpùpù láti ọdún mẹ́wàá.

"Títí di ọjọ́ Àìkú," ni Gbẹ́nàgbẹ́nà wí. "Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ pákó mi ń bọ̀, ibẹ̀ yẹn ló máa já ẹrù sí. Bí ìyàwó rẹ bá ṣì wà níbẹ̀, pákó ni wọ́n máa fi sin ín."

"Kò lè pẹ́ sí i díẹ̀?"

"Kí ló fẹ́ pẹ́ fún? Àwọn ọmọ rẹ ń kọ́ ààfin fún un nílé, o fẹ́ kó máa sùn sójú títì. Ìwọ ọkùnrin yìí, o ò mọ ìyàwó í tọ́jú."

Bàbá Ẹ̀rọ fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo bí ọkọ́ ṣe ń gé àgbàlá náà. Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá. Wọ́n gé e láti òkè, wọ́n ń fi bárò kó o jáde, títí ìgbésẹ̀ mọ́kànlá náà fi di ilẹ̀ lásán. Wọ́n fi àtẹ̀gùn méjì kún ti ẹnu ọ̀nà, Dáwódù sì ri irin ìdìmú mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí kọnkéré ń gbẹ, ó gbé irin tó ní gíláàsì tí omi wà nínú rẹ̀ lélẹ̀ níbi mẹ́rin.

"Bàbá, ẹ wá wò ó. Omi yẹn ò yẹ̀ rárá. Kò tẹ̀ sí ibì kankan."

Bàbá wò ó. Kò tẹ̀ sí ibì kankan lóòótọ́. Iṣẹ́ tó dára ni, bó bá sì jẹ́ ilé ẹlòmíì ni, ìbá ti yìn ín kó tó di pé wọ́n bi í.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ti ṣọ́ọ̀bù Gbẹ́nàgbẹ́nà gun Ìyálé lọ sọ́dọ̀ Ìyá Yúnífọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ obìnrin náà tó tóbi jù ń fo ojú ìrán. Bàbá fi alùpùpù sílẹ̀ níta, ẹ́ńjìnnì ń dún, ó wọlé, ó yí ẹ̀rọ náà dojú dé, ó ń fi iná tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ́ńjìnnì yín ń pariwo níta. Ṣé ẹ gbàgbé rẹ̀ ni?"

"Mi ò gbàgbé."

"Ẹ pa á nígbà náà. Èéfín ń wọlé. Ẹ máa sọ yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ọlọ́mọ di ẹja yíyan."

"Ara rẹ̀ ò yá. Bí mo bá pa á, òtútù á mú un."

"Òtútù? Nínú oòrùn yìí?" Ìyá Yúnífọ́ọ̀mù fi aṣọ tó ń gé bojú rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àti Ìyálé yín yìí, ẹ ò ní jẹ́ kí n rójú sunkún láyé mi."

Bàbá rí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Irin kékeré tó máa ń gbá òwú ìsàlẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ ti jẹ. Ó ní láti mú un lọ sílé, kó fi ayùn wẹ́wẹ́ pọ́n ọn, kó sì dán an títí tí òwú ò fi ní há sí i lára.

"Ọgọ́fà yúnífọ́ọ̀mù ni mo máa kó lọ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, Bàbá. Ilé ìwé ń wọlé. Ẹ̀rọ yìí ò gbọdọ̀ sùn ju ọjọ́ Àìkú lọ."

"Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ, mo ti wà níbí."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin kì í pẹ́. Aago ló máa ń pẹ́ lẹ́yìn yín."

Nígbà tó ń padà, ó ní láti dúró ní ìkóríta fún ọkọ̀ ńlá kan. Ìyálé tẹ̀ sí apá ọ̀tún díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kanlẹ̀, kò sì mú un. Obìnrin kan tó ń kọjá pẹ̀lú garawa ló fi ìdí gbé alùpùpù náà ró, ó kí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá Ẹ̀rọ ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó rántí ẹni tó sọ pé ẹsẹ̀ tí kò lè tẹ kíkì, kò lè gbé alùpùpù ró. Ọlọ́gbọ́n ni ẹni náà. Ó wu bàbá kó ti jẹ́ òmùgọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Dáwódù fúnra rẹ̀ ló ti Ìyálé wálé láti ọ̀dọ̀ Gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó làágùn. Ó gbé e sábẹ́ páànù tuntun, ó fi ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀ kanlẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Ìyálé dúró ṣánṣán.

"Ó yá, Bàbá. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ká gbọ́ bó ṣe máa dún lábẹ́ páànù."

Ìyá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí irin ìdìmú.

"Ọjọ́ ìsinmi ni," ni bàbá wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Ẹ ò rí i bí Bàbá ṣe ń kẹ́ ẹ. Ká ní wọ́n kẹ́ wa báyìí nígbà tá a wà lọ́mọdé." Dáwódù rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbọn eruku lára ṣòkòtò rẹ̀.

"O ṣeun," ni Bàbá Ẹ̀rọ wí fún un. "Iṣẹ́ rẹ dára."

Ojú Dáwódù yí padà, ó jọ ti ọmọ tó rí àbẹ́là nínú ilẹ̀. Ó pẹ́ kí bàbá rẹ̀ tó yìn ín báyìí. Bí ọ̀rọ̀ kankan bá tiẹ̀ ṣẹ́ kù tó ṣeé sọ, ìgbà yẹn ló kú.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bàbá ti wọṣọ tán. Irin kékeré tó pọ́n wà nínú aṣọ mímọ́ nínú àpò rẹ̀. Ó so àpótí mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Kò sí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí náà ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé itan ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù, ó sì fi kọjá orí ìjókòó. Ó ṣí epo. Ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé kíkì.

Ti àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ yọ̀ kúrò. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, irin náà sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, orúnkún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì fi iwájú orí sinmi lórí ọwọ́ alùpùpù títí ilé fi yé yí lójú rẹ̀. Ó wá fi ẹsẹ̀ òsì máa wa ilẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni ń wakọ̀ ojú omi. Ìyálé rìn ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ó dúró. Ilẹ̀ tó tẹ́jú kì í ti ẹnikẹ́ni síwájú, kì í sì í fà á sẹ́yìn.

Ilẹ̀kùn dún. Ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ti gba aṣọ mọ́dìí. Kò bèèrè ohunkóhun. Ó lọ sẹ́yìn alùpùpù, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ àpótí irinṣẹ́.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ ti ìyálé mi. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Ó tì í. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, sálúbàtà ló wọ̀. Wọ́n dé ìdajì àgbàlá, bàbá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, táyà ẹ̀yìn kọ̀, alùpùpù ta gìrì, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Wọ́n yí i padà. Ó tún tì í. Bàtà kan yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò dúró mú un. Ẹ́ńjìnnì ò tiẹ̀ wúkọ́ mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn méjèèjì dúró ní àárín àgbàlá tó mọ́ lóló náà, wọ́n ń mí bí ẹni tí wọ́n lé.

Obìnrin náà lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn tuntun. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí," ni ó wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà, "òní ni mo mọ bí ìyálé mi ṣe wúwo tó."

Bàbá Ẹ̀rọ rọra sọ̀ kalẹ̀.

"Ó ti tó ìgbà wo tó o ti mọ̀?"

"Mọ kí ni?"

"Ìyá wọn."

"Ọdún kan ààbọ̀. Etí mi ò di. Ogójì ọdún ni mo fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín lórí irin yẹn láràárọ̀. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ wá rò pé mi ò ní gbọ́? Ta ló ń ṣí géètì?"

"O ò sọ nǹkan kan."

"Ohun tí ọkọ mi bá bò, èmi kì í ṣí i."

"O wá lọ sọ fún Dáwódù pé kò sí ibi tó tẹ́jú."

"Ohun tí ẹ sọ fún mi ni mo sọ fún un. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀." Ó ń gbọn iyanrìn kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo rò pé ẹ máa ní rárá. Mo jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mò ń yọ egungun lára ẹja tí kò ní egungun mọ́, mò ń retí kí ẹ ní rárá. Ká ní ẹ sọ ọ́, ǹ bá gbè yín lẹ́yìn. Ǹ bá ní bí àgbàlá mi ṣe rí ni mo fẹ́ ẹ. Ẹ dákẹ́."

"Mo dákẹ́."

"Ẹ dákẹ́. Ara mi sì fẹ́ balẹ̀ pé ẹ dákẹ́, mi ò ní purọ́. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí láti ìgbà tí ẹ bá ti kọjá géètì yìí títí ẹ ó fi padà. Bí mo bá tún ronú pé ẹ máa jókòó sínú ilé, tí ẹ ó máa wo ọwọ́ yín, ẹ̀rù yẹn tún ń bà mí. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́. Mo fi sílẹ̀ fún yín kí ẹ mú, ẹ̀yin náà ò mú."

Kò sí ẹni tí Bàbá Ẹ̀rọ lè bínú sí. Ó wá a nínú ọkàn rẹ̀, láti orí ọmọ dórí ìyá, dórí Gbẹ́nàgbẹ́nà àti ọkọ̀ pákó rẹ̀, kò rí ẹnì kan. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka tirẹ̀ ló ṣẹ̀, òun náà ló sì di ọ̀bẹ mú. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára Ìyálé. Ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀.

"Gbà."

"Èmi ò gbà á."

"Mo ti sọ ọ́ lójú ẹ̀yin méjèèjì."

"Dáwódù ló fẹ́ ra oníbọ́tìnnì fún yín, Dáwódù lẹ sọ ọ́ fún. Ẹ gbé e fún un. Ẹ má gbé e lé mi lọ́wọ́."

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Aago ti kọjá méje ààbọ̀.

Ó tú àpótí irinṣẹ́ kúrò lẹ́yìn alùpùpù, ó gbé e jáde sójú títì, ó na ọwọ́ sí ọlọ́kadà kan. Ọkùnrin náà sanra, ó sì ti ní ewú díẹ̀ nírùngbọ̀n. Ó dúró, ó gbé àpótí síwájú ara rẹ̀, ó ń dúró de bàbá. Bàbá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kò ga tó. Ó tún gbé e. Ọlọ́kadà wo ẹ̀yìn, ó rí i, ó sì tẹ alùpùpù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títí ìjókòó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

"Ẹ rọra, Bàbá. Ẹ̀yìn ni kí ẹ jókòó sí. Ẹ di mí mú dáadáa o, àga ilé kọ́ nìyí. Ṣé ẹ ti gun alùpùpù rí?"

"Mo ti gùn ún rí," ni Bàbá Ẹ̀rọ wí.

Ó di ẹ̀wù ọkùnrin náà mú. Ní ìkóríta, ara rẹ̀ ń wá bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ afẹ́fẹ́.

Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà tó wọlé. Ìyá Yúnífọ́ọ̀mù ti dojú ẹ̀rọ dé sílẹ̀ dè é, ó sì ti jókòó tì í, gèlè rẹ̀ ti wọ́.

"Háà, Bàbá! Mo ti ń ro ibi. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí."

Obìnrin náà ò bèèrè mọ́. Iṣẹ́ ló wà lójú rẹ̀. Bàbá yọ irin kékeré náà nínú aṣọ, ó gbé e sí àyè rẹ̀, ó dè é, ó tú u, ó tún un dè. Ó ta òróró sí i ní ẹ̀kán kan, kò jẹ́ kó di méjì. Ó fi òwú sí abẹ́rẹ́ láìwọ awò. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀, ohun tó wá dunni níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó yí àgbá ẹ̀rọ, ó rán àjákù aṣọ kan láti etí dé etí, ó nà án sójú ìmọ́lẹ̀. Ojú ìrán náà tọ́, ó ṣe wẹ́kú, kò fo ẹyọ kan.

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun," ni Ìyá Yúnífọ́ọ̀mù wí, ó ti ń fa aṣọ àkọ́kọ́ sábẹ́ abẹ́rẹ́.

Bàbá Ẹ̀rọ kó irinṣẹ́ rẹ̀ kíákíá. Ó dìde kíákíá pẹ̀lú, ó di orúnkún mú, ó gbé àpótí, ó sáré bí ara rẹ̀ ṣe lè sáré mọ dé ẹnu ọ̀nà, nítorí epo tó ń jó.

Ìta dákẹ́. Oòrùn ti ràn dé ibi tí Ìyálé máa ń dúró sí. Òróró tó ti ń kán sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún ti ṣe àmì dúdú kan sójú ilẹ̀ níbẹ̀.

"Kí lẹ ń wá, Bàbá?" Ìyá Yúnífọ́ọ̀mù ò gbé ojú kúrò lára aṣọ.

"Kò sí."

"Mi ò gbọ́ ariwo yín lónìí. Ṣé ara rẹ̀ ti yá ni?"

"Ó wà nílé. Ó wà níbi tó tẹ́jú."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé epo á ṣẹ́ kù."

Aránṣọ mẹ́rin ló tún ń retí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òkè àgbá omi ni gbogbo wọn wà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tó tún ṣe ń sáré. Bàbá Ẹ̀rọ gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì dúdú náà, nítorí pé kò sí ohun tó fẹ́ so ó mọ́, ó sì dúró.